Ewé Méje Lábẹ́ Hilux Oníkòkó

Ewé tó kán náà ṣì wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú ibi tó ti já pín sí méjì: apá òkè dúdú, ó ti dípẹtà, apá ìsàlẹ̀ ń dán bí iyọ̀. Apá dúdú yẹn ni kí ẹ máa wò. Ó fi hàn pé irin náà ti sán tipẹ́, tí omi àti ẹrẹ̀ ti ń wọ ibi tó sán, tí ìyókù sì ń dá ẹrù gbé títí di ọjọ́ tí kò lè gbé e mọ́. Orí àpáta kan lẹ́yìn Ìdànrè ló já sí, pẹ̀lú àpò kòkó 12 lẹ́yìn ọkọ̀. Okùn ni wọ́n fi fà á wọ Àkúrẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní ọ̀nà Ọ̀dà.

Hilux LN106 ni, irú èyí tí Toyota ń ṣe ní àwọn ọdún 1990, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì jọ jókòó lórí ewé irin. Kí n tó lọ jìnnà: ewé tí mo ń wí ni pẹlẹbẹ irin gígùn tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n ń tò lé ara wọn lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù. Lííìfù ni a ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó gùn jù, tó ká etí sí lórí méjèèjì, ni méènì. Gbogbo wọn lápapọ̀, tí bóòtù kan gba àárín wọn kọjá, ni sípíríǹgì.

Ẹni tó ni ọkọ̀ (Oníkòkó ni n óò máa pè é) dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò jókòó.

"Àbúrò, bá mi wá ewé tó nípọn ju èyí lọ. Èyí ò lágbára."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀."

Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Ewé mẹ́rin ló jẹ́ ti Hilux, tí sísanra wọn jẹ́ mìlímítà 7. Mẹ́ta yòókù jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, mìlímítà 12. Ẹnì kan ti fi iná gáàsì ré ẹ̀gbẹ́ wọn dànù kí ìbú wọn lè bá 60 mu, ó ki ọ̀kan sábẹ́ méènì gan-an, ó sì to méjì yòókù sísàlẹ̀ pátápátá. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà kò tẹ̀ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn. Oníkòkó fúnra rẹ̀ sọ pé inú òun dùn nígbà náà, pé bí òun ṣe di ẹrù tó, ìdí ọkọ̀ kò mì. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀, tó dúró sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó fọwọ́ ra ìbàdí ara rẹ̀.

Kí n tó tú nǹkan kan, mo fẹ́ mọ bó ṣe le tó gan-an. Mo fi ewé àlòkù kan dí ipò èyí tó kán fúngbà díẹ̀. Mo wọn àlàfo tó wà láàárín ṣáásì (egungun irin tó gbé ara ọkọ̀) àti áàsù ẹ̀yìn (ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), lọ́tùn-ún àti lósì. A wá ya sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń kọ́lé, a to àpò 10 sórí ibi tí áàsù wà, mo tún wọ̀n ọ́n. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógírámù 50, nítorí náà 250 ló wà lórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àlàfo náà fi mìlímítà 20 dín kù. Ìyẹn ni pé kìlógírámù 12 àti ààbọ̀ lẹ ó gbé lé ẹgbẹ́ kan kó tó lọ sílẹ̀ ní mìlímítà kan ṣoṣo.

Ẹ wá wò ó. Àpò kòkó kan wúwo tó kìlógírámù 64. 12 nínú rẹ̀ kò tó 800. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù yẹn, sípíríǹgì náà kò ní tẹ̀ ju mìlímítà 31 lọ. Tí táyà bá wá gun òkúta tó ga tó orí bàtà, níbo ni òkúta yẹn máa bá lọ? Ara ṣáásì, ara ìbàdí dẹ́rẹ́bà, tàbí kí táyà kejì fò kúrò nílẹ̀. Mo bi dẹ́rẹ́bà bóyá táyà máa ń yí lófo lórí àpáta. Ó ní, "Ọ̀gá, ojoojúmọ́ ni."

Ọmọ iṣẹ́ mi ò gbà pé ewé mẹ́ta péré ló fa gbogbo ìyẹn. Mo fi ẹfun kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: 7 × 7 × 7, ó jẹ́ 343. 12 × 12 × 12, ó jẹ́ 1,728. Líle ewé kò bá sísanra rẹ̀ rìn ní ọgbọọgba. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni a ń sọ sísanra náà di púpọ̀ lára ara rẹ̀. Tí ẹ bá pín nọ́ńbà kejì sí ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5 géérégé. Ewé oní-12 kan le tó ewé oní-7 márùn-ún. Mẹ́ta tí wọ́n fi kún un dà bí ẹni fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Ọmọ náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Háà."

Ibi tí méènì ti kán gan-an bá ohun tí ẹfun sọ mu. Orí ewé oní-12 tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ti já, bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ewé nínípọn yẹn kò tẹ̀, nítorí náà gbogbo ìtẹ̀ kó jọ sí ibi tó parí sí, bí ìgbà tí ẹ bá gbé abẹ pẹlẹbẹ sí etí tábìlì tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sókè sódò. Nígbà tí ìwúwo ọkọ̀ bá sì wà lórí ewé, òkè rẹ̀ ló ń nà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí dúdú fi wà lápá òkè. Ewé méènì kò kú nítorí àìlágbára. Wọ́n gbé e sórí etí tábìlì ni.

Bí mo ṣe ṣàlàyé èyí fún Oníkòkó, kò wọ̀ ọ́ létí. Mo mú ìgbálẹ̀ ọwọ̀, mo ní kó tẹ̀ ẹ́: ó tẹ̀, ó sì padà. Mo fún un ní igi gbígbẹ tó tóbi tó ìdì ìgbálẹ̀ náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dá ní ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, kòkó ni mo ń kó, n kì í ru ìgbálẹ̀." Ṣùgbọ́n ó jókòó wàyí.

A fẹnu kò sí i báyìí: pẹ̀lú àpò 12, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sílẹ̀ ní bíi mìlímítà 80 sí 85, síbẹ̀ kí ó fi mìlímítà 50 ga ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà lọ, kí ó má máa fi ikùn gbá àpáta. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún sípíríǹgì oníléwé tó tò bí àtẹ̀gùn, líle = 8 × E × n × b × t³ ÷ (3 × L³). E ni bí irin ṣe ń kọ̀ láti nà, bíi 200,000 fún irin, tí a bá ń lo Newton (ìwọ̀n agbára, bíi mẹ́wàá rẹ̀ ni ìwúwo kìlógírámù kan) àti mìlímítà. N ni iye ewé. B ni ìbú. T ni sísanra. L ni gígùn láti etí dé etí. Ìbú tiwa jẹ́ 60, gígùn jẹ́ 1,200, sísanra jẹ́ 7. Ewé méje fún wa ní bíi Newton 44 fún mìlímítà kan, ìyẹn kìlógírámù 4 àti ààbọ̀. Ìdajì ẹrù, 384, tí a bá pín in sí 4.5, jẹ́ 85. Bí a ṣe dé orí méje nìyẹn. Iye ewé kan náà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí. Ẹni tó bá kàn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ewé àlòkù ti Hilux la lọ rà, àwọn méènì tí etí wọn ti jẹ ṣùgbọ́n tí ara wọn ṣì dá, láti fi kún àwọn ti ọkọ̀ náà. Irin yìí kì í ṣe irin lásán. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní 5160. Ní Japan, SUP9 jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Carbon inú rẹ̀ kò jìnnà sí 0.6 nínú 100, chromium díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó lè tẹ̀ kó sì padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Àyẹ̀wò ewé àlòkù ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. A kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo rẹ̀ títí irin fi hàn. Mo fi okùn so ewé kọ̀ọ̀kan rọ̀, mo fi òòlù kékeré kàn án: èyí tó dá máa dún pẹ́ bí agogo, èyí tó sán máa ń dún pàkọ̀ bí igbá tó ti là. Ìyẹn nìkan kò tó. Mo fi kẹrosíìnì pa á lára, mo jẹ́ kó wọlé fún bí wákàtí kan, mo nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà mo fi ẹfun tí mo lọ̀ kúnná kun ún. Tí ibì kan bá sán, kẹrosíìnì tó fara pamọ́ síbẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì hàn lára ẹfun funfun náà bí irun orí. A jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ọmọ iṣẹ́ mi pariwo: ewé méjì nínú èyí tí a rà ti ya irun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín. Mo tún fi ọwọ́ kan náà kan àwọn ewé ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi gáàsì gé, fún ojúmìító. Ọ̀kan nínú wọn ti sán láti ẹ̀gbẹ́ tí iná gbà kọjá, ó wọlé tó ìka ọwọ́ kan.

Nítorí náà, a kò lo iná gáàsì ní ṣọ́ọ̀bù wa fún iṣẹ́ yìí. Gíráńdà la fi gé e, a ń da omi sí i kó má gbóná. Ihò àárín le láti lu. Dírììlì tí ẹnu rẹ̀ dára, tó ń yí jẹ́jẹ́, pẹ̀lú epo, ló ṣe é, ó sì jẹ ẹnu mẹ́ta. Ewé àkọ́kọ́ jẹ́ 1,200. Ìkejì gùn tó o, ó sì fi orí rẹ̀ ká etí àkọ́kọ́ mọ́ra, kí áàsù má baà sá lọ tí méènì bá já lọ́nà. Àwọn tó kù ń dín ní 160: 1,040, 880, 720, 560, 400. A fi gíráńdà fẹ́ orí kọ̀ọ̀kan títí ó fi tínrín, a sì gé igun rẹ̀ méjèèjì kúrò. Kò gbọdọ̀ sí etí tábìlì níbì kankan.

Títẹ̀ wọn bí ọrun ló gbé mi lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ Bàbá alágbẹ̀dẹ kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ìlú tí wọn kì í fi ọdún Ògún ṣeré ni Oǹdó. Bàbá yìí, sípíríǹgì ọkọ̀ ló fi ń rọ àdá àti ọkọ́ láti ọjọ́ yìí wá, torí náà ó mọ irin náà láti òdìkejì tèmi. Mo rò pé yóò fẹ́ fi í sínú iná. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi gbé ewé kan, ó tẹ̀ ẹ́ lé orúnkún, ó jẹ́ kó padà, ó ní:

"Irin yìí ti kọ́ iṣẹ́ kan. Tí mo bá fi í sínú iná, yóò gbàgbé e, èmi ni n óò sì kọ́ ọ ní òmíràn. Àdá ni mo mọ̀ ọ́n kọ́."

N kò lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ sípíríǹgì máa ń gbé ewé gbóná dé nǹkan bíi 850°C, wọ́n á rì í sínú epo, wọ́n á tún gbé e gbóná díẹ̀, bíi 450°C, kó má baà le jù kó dá. Gbogbo gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dọ́gba. Iná ẹwìrì tó tóbi tó abọ́ ìfọṣọ kò lè ṣe ìyẹn fún irin tó gùn ju mítà kan lọ.

Bàbá gbé ègé ojú irin rélùwéè méjì kalẹ̀, ó fi àlàfo ìbú ọwọ́ kan sáàárín wọn. Ó tẹ́ ewé lé wọn lórí pẹ̀lú inú rẹ̀ sókè, ọmọ rẹ̀ di orí kejì mú. Òòlù ńlá bà á ní àárín àlàfo náà: gbàù. Ọmọ fà á síwájú ní bí ìka méjì. Gbàù. Kò sí ojú kan tí òòlù bà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé ewé náà lé orí páálí tí mo ti ya ìtẹ̀ rẹ̀ sí, Bàbá á di ojú kan, á wo àlàfo. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ewé kúkúrú kọ̀ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ, kí àlàfo tó gba ẹyọ owó kan wà láàárín wọn. Nígbà tí bóòtù bá fà wọ́n pọ̀, orí ewé kúkúrú á máa tẹ ti gígùn mọ́ra, wọn ò sì ní máa là síra wọn. "Mo ti gbọ́," ló ń wí, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó tẹ ewé méjì jù, ó sì yí wọn bolẹ̀ lù wọ́n padà láìsọ̀rọ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà fún ewé 14. Àwọn ewé oní-12 ni mo fi ṣe apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i ju owó lọ. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tí ọ̀kan ti sán kó lè gé e kúrò.

Ní Àkúrẹ́, títò rẹ̀ kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Yúbóòtù tuntun la lò, ìyẹn bóòtù tó tẹ̀ bí U tó ń di sípíríǹgì mọ́ áàsù. Ti tẹ́lẹ̀ ti nà, ẹni tó bá tún un lò ń tan ara rẹ̀. Kílíìpù tó ń kó ewé jọ ní ẹ̀gbẹ́, a kò dì í pa, nítorí ewé gbọ́dọ̀ lè yọ̀ lórí ara wọn bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Bóòtù tó gba inú bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà inú etí ewé) kọjá, ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró lórí táyà rẹ̀ la tó fún un. Tí ẹ bá fún un nígbà tí áàsù ṣì ń rọ̀, bọ́ọ̀ṣì á lọ́ nígbà gbogbo, á sì ya.

Mo fi jáàkì gbé ṣáásì sókè títí táyà ẹ̀yìn fi kúrò nílẹ̀. Rọ́bà tó ń gbé epo búrékì lọ sẹ́yìn nà tantan bí awọ gángan. Ọjọ́ tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, já ló máa já. A rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gùn jù ú. Mo rò pé mo ti ronú kan gbogbo nǹkan. Mo tilẹ̀ ya fọ́tò.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ, dẹ́rẹ́bà pè mí láti Ìdànrè. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ dùn, ẹ̀yìn mi ti sàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ búrékì pẹ̀lú ẹrù, imú ló ń fi kanlẹ̀, ẹ̀yìn ò dáhùn."

Ara mi tutù. Mo mọ ohun tó jẹ́ kó tó sọ tán. Lábẹ́ Hilux yẹn, fáàfù búrékì kan wà tí apá irin kan so mọ́ áàsù ẹ̀yìn. Tí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ṣáásì á sún mọ́ áàsù, apá náà á gbéra, fáàfù á sì jẹ́ kí búrékì ẹ̀yìn gba agbára. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, ó ń dín in kù kí ẹ̀yìn má baà yọ̀. Èmi ti gbé ṣáásì jìnnà sí áàsù ní mìlímítà 50. Àpò kòkó 12 wà lẹ́yìn, fáàfù rò pé ọkọ̀ ṣófo. Ìwé ìdiwọ̀n mi kún fún nọ́ńbà, ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé dẹ́rẹ́bà náà mọ ọkọ̀ rẹ̀, kì í sì í sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo ní kó já ẹrù sílẹ̀, kó rọra máa bọ̀. Mo ṣe ègé irin kan tó gbé ìdí apá náà sókè ní 50 gẹ́lẹ́. A tún gbé sìmẹ́ǹtì lé e, mo fúnra mi wà á sọ̀kalẹ̀ lórí òkè kan, mo tẹ búrékì ní ìgbà mẹ́fà kí n tó dá a padà fún un. N kò gba owó iṣẹ́ yẹn. Oníkòkó pè mí lálẹ́, kò bínú, ó kàn ní, "Àbúrò, ìgbálẹ̀ yìí náà ní ẹ̀tàn nínú."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo tún fi àpò 10 wọ̀n ọ́n: mìlímítà 48, níbi tó ti jẹ́ 20 tẹ́lẹ̀. Ó le díẹ̀ ju ìṣirò mi lọ, nítorí yúbóòtù ti di àárín ewé pa, gígùn tó ń ṣiṣẹ́ kò pé 1,200 mọ́, ewé sì ń ha ara wọn. Mo tún gbogbo yúbóòtù fún. Méjì nínú wọn gba ìdajì yíyí, bó ṣe máa ń rí tí ewé tuntun bá ń jókòó.

Wọ́n ti kó kòkó láti oṣù Kẹwàá títí di ìsinsìnyí. Sípíríǹgì ti jókòó sílẹ̀ ní mìlímítà 9 lósì, 11 lọ́tùn-ún. Mo ti fi mìlímítà 15 sílẹ̀ fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ti ń bi mí bóyá ó lè gba àpò 15. Mo ní kó bi ọ̀gá rẹ̀. Mo sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan sára ṣáásì lókè áàsù, mo fi ìka hàn án: tí áàsù bá gòkè dé ibí yìí nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sọ àpò kan kalẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, mo dá a dúró, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ku ìka mẹ́ta. Mo ka àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́tàlá ni.